Orúkọ Tí Owó Fi Ń Mọ Ilé

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí Lerma kọ́kọ́ fojú kan ọkùnrin náà. Irú òjò oṣù kẹjọ tó máa ń ti ojú òkun wọ ìlú Iloilo ni, tó máa ń sọ gíláàsì báńkì di funfun bíi pé ẹnìkan da mílíìkì sí i. Ọkùnrin náà ti ilẹ̀kùn wọlé, omi ń ro láti irun rẹ̀ bọ́ sí èjìká, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára pẹ́kípẹ́kí. Ó ní kóòtù òjò, ṣùgbọ́n kò wọ̀ ọ́. Ẹrù kan ló fi wé, ó sì gbé ẹrù náà mọ́ àyà bí ọlọ́mọ tuntun ṣe ń gbé ọmọ.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà bi í pé kí ló wà níbẹ̀. Ó ní aṣọ ni. Ẹ̀ṣọ́ ní òun kò tíì rí ẹni tó ń fi kóòtù bo aṣọ kí òjò lè ráyè pa ara rẹ̀. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní ara òun yóò gbẹ, pé aṣọ yẹn ló gba oṣù kan lórí òfì.

Láti ìdí tábìlì tó wà ní ìkangun, Lerma Sobrevega gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ó sì gbójú sókè. Tábìlì rẹ̀ ni tábìlì owó òkèèrè. Gbogbo ohun tí àwọn ọkọ wa tó wà lójú omi, àwọn nọ́ọ̀sì wa tó wà ní Jeddah, àwọn ìyá wa tó ń tọ́jú arúgbó ní Milan bá fi ránṣẹ́ sílé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń gbà kọjá. Ó ti mọ irú ojú tí èèyàn máa ń gbé wá síbẹ̀: ojú ìdùnnú, ojú àníyàn, ojú ẹni tó fẹ́ sunkún ṣùgbọ́n tó ń wo aago. Èyí yàtọ̀. Ọkùnrin yìí wo gbogbo báńkì náà bí ẹni tó ṣèèṣì wọ ilé ìjọsìn ẹlòmíràn, ó sì jókòó síwájú rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí omi má bàa ta sórí ìwé rẹ̀.

Orúkọ rẹ̀ ni Dionel Nufable, ará Miag-ao. Ìyá rẹ̀ ló ni òfì mẹ́jọ tí wọ́n fi ń hun aṣọ hablon lábúlé wọn, òun ló sì ń bá a darí iṣẹ́. Ó ṣàlàyé pé obìnrin kan ní Kanazawa, lórílẹ̀-èdè Japan, fẹ́ ra aṣọ wọn, ó sì ti kọ̀wé béèrè kóòdù báńkì. Ó ní òun ti yí káàdì báńkì òun síwá sẹ́yìn, òun kò rí kóòdù kankan, àfi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n ní kí òun má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lerma pa ẹ̀rín mọ́ra. Ó ní kó má sọ nọ́ńbà yẹn fún obìnrin Kanazawa o. Ó fa bébà kékeré kan yọ, ó sì kọ lẹ́tà sí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan, gàdàgbà gàdàgbà.

“Ayé fẹ̀,” ó ní, “báńkì sì pọ̀. Bí ẹnìkan ní Japan bá ní kí owó lọ sí báńkì kan ní Iloilo, ẹ̀rọ kò mọ ohun tó ń jẹ́ Iloilo. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fún báńkì kọ̀ọ̀kan lórúkọ tí kò jọ ti ẹlòmíì. Ẹ wò ó. Lẹ́tà mẹ́rin àkọ́kọ́ yìí, báńkì wa nìyẹn. Méjì tó tẹ̀ lé e, P àti H, orílẹ̀-èdè wa, Philippines. Méjì yìí, ìlú tí olú báńkì wà. Mẹ́ta tó gbẹ̀yìn, ẹ̀ka tiwa níbí.”

Dionel tẹ̀ lé ìka rẹ̀ láti lẹ́tà dé lẹ́tà.

“Bí ẹni ń júwe ilé ni, mà.”

“Bí ẹni ń júwe ilé gan-an.”

Ó ń wo bébà náà. Lẹ́yìn náà ló béèrè, láìgbójú sókè, pé ẹni tó bá fẹ́ dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé báńkì fúnra rẹ̀ ńkọ́, lẹ́tà wo ló máa kọ.

“Á tò sórí ìlà bíi gbogbo èèyàn,” Lerma dá a lóhùn.

Ó lọ. Òjò ṣì ń rọ̀. Omi tó kán láti ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣẹ́ kù sórí tábìlì, ó rí róbótó, iná òkè ń tàn nínú rẹ̀. Aṣọ tí wọ́n fi ń nu tábìlì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lerma, ṣùgbọ́n kò nù ún. Ó pe oníbàárà tó kàn, ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì ń wo omi náà bó ṣe ń gbẹ láti etí wá sí àárín.

Owó Kanazawa dé láìsí wàhálà. Dionel wá gbà á. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún wá, ó fẹ́ mọ̀ bóyá lẹ́tà O ni ó wà láàrin kóòdù tàbí òdo. Lerma ní lẹ́tà ni, bó ṣe sọ fún un lọ́jọ́ kìíní. Ó tún padà wá bi í bóyá èèyàn gbọ́dọ̀ kọ ọ́ ní lẹ́tà ńlá. Manang Susing, àgbà obìnrin tó jókòó sí tábìlì kejì, tí irun orí rẹ̀ ti ń funfun, yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó sì sọ fún afẹ́fẹ́ pé òun ti ń ṣiṣẹ́ báńkì ṣáájú kí kọ̀ǹpútà tó dé, òun kò rí kóòdù tó ṣòroó mọ̀ tó èyí rí.

Ojú ti Dionel títí dé etí. Lerma ní kí Manang Susing jẹ́ kí oníbàárà gbádùn ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí báńkì tì lọ́jọ́ yẹn, Dionel ṣì wà lábẹ́ òrùlé iwájú báńkì, àpò búrẹ́dì àyangbẹ kan lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì jọ rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ odò.

Ẹni tó bá mọ odò wa yẹn ní àṣálẹ́ mọ̀ pé kò sí ibi tó dùn rìn tó o. Omi rẹ̀ kì í yára. Àwọn igi ẹ̀gbà etí rẹ̀ máa ń na gbòǹgbò sísàlẹ̀ bí ẹni ń fẹsẹ̀ wẹ̀. Àwọn méjèèjì a máa rìn láti afárá dé afárá, wọn a sì padà. Dionel a máa sọ̀rọ̀ òwú: bí ewé kan ṣe ń fún un ní àwọ̀ bíi ti mángòrò tó pọ́n, bí èèyàn ṣe ń mọ̀ láti ìró òfì pé inú ahunṣọ kò dùn. Lerma a máa sọ bí owó ṣe ń rìn. Dionel ti rò pé owó gan-an ló ń wọ ọkọ̀ òfurufú wá. Lerma ní rárá, kò sí nǹkan kan tó ń rìn ju ọ̀rọ̀ lọ. Báńkì kan á sọ fún èkejì pé, ẹ bá mi fún lágbájá ní báyìí, òun náà á sọ fún ẹ̀kẹta, títí ọ̀rọ̀ á fi dé ẹni tó mọ ilé lágbájá.

“Ó dà bíi kí wọ́n máa kí èèyàn láti òkèèrè,” Dionel wí.

Lerma kò tíì ronú rẹ̀ báyẹn rí. Láti ọjọ́ yẹn, nígbà tí ọ̀sán bá pọ́n tí báńkì bá dákẹ́, tí àwọn orúkọ bá ń jáde lójú kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó máa ń rí àwọn tó wà lẹ́yìn wọn. Ó máa ń rí obìnrin tó ń ya irun arúgbó kan lẹ́bàá fèrèsé ní Milan. Ó máa ń rí ọkùnrin tó jókòó sórí okùn ọkọ̀, tó ń wo omi tí kò ní etí. Gbogbo wọn ń kí ilé. Ó sì máa ń ṣe é bíi pé inú òun gan-an ni àwọn ìkíni náà ń gbà kọjá, tí wọ́n ń fi ooru díẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Ọjọ́ Sátidé kan, ó wọ jíípú elérò lọ sí Miag-ao. Ìyá Dionel, Nanay Conching, mú un jókòó sórí òfì, ó ní kó gbìyànjú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ èyí tó yẹ kó tẹ̀. Ó tẹ ti ọ̀tún nígbà tó yẹ kó tẹ ti òsì, ọ̀kọ̀ tó ń fa òwú gba àárín aṣọ fò jáde, ó lọ bọ́ sínú agbọ̀n adìyẹ. Àwọn obìnrin ahunṣọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Dionel lọ mú ọ̀kọ̀ náà wá, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì, ó fi ọwọ́ gbé ẹsẹ̀ Lerma lé ibi tó yẹ kó wà.

“Inday,” ó ní, orúkọ ìkẹ́ tí a fi ń pe ọmọbìnrin, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ kí àwọn obìnrin má bàa gbọ́, “bó o bá ba òfì ìyá mi jẹ́, ìwọ lo máa wá gbé ibí tún un ṣe.”

“Mélòó ni mo máa bà jẹ́ kó tó di pé o sọ ọ́ dáadáa?”

Ọwọ́ Dionel kò tètè kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, afẹ́fẹ́ òkun sì ń gba ojú fèrèsé wọlé, ó ń mi òwú tí wọ́n sá kọ́ lókè orí wọn, pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ wúrà, bí òjò tí kò fẹ́ balẹ̀.

Iloilo kò tóbi tó kí ìyá ẹni má gbọ́. Nanay Delia, ìyá Lerma, ní kí ó mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá jẹun lọ́jọ́ Àìkú. Ilé wọn wà ní Molo, ilé alájà méjì tí owó ọkọ̀ òkun kọ́. Tatay Osing, bàbá rẹ̀, lo gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ dé ìgbà àgbà lójú omi, kó tó fẹ̀yìn tì. Ní báyìí ó máa ń jókòó sí kọ̀rọ̀ kan, á máa tú rédíò àlòkù, á sì máa tò ó padà. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ó bá fẹ́ iyọ̀, á dìde lọ mú un fúnra rẹ̀, nítorí ó ti mọ́ ọn lára kó máa gbé bí ẹni tó wọ̀ sí ilé onílé.

Nanay Delia bu ọbẹ̀ pancit Molo fún Dionel lẹ́ẹ̀mejì. Ó bi í nípa ìyá rẹ̀, ó yin aṣọ tó mú wá. Lẹ́yìn oúnjẹ ló ní kó wá bá òun wo òdòdó lẹ́yìnkùlé. Kò bínú, kò sì gbé ohùn sókè. Ó sọ fún un pé ẹnjinía ọkọ̀ òkun kan tó ń jẹ́ Rodel, ọmọ ọ̀rẹ́ òun, ti sọ ọkàn rẹ̀ nípa Lerma. Ó ní ilé àwọn òbí òun jò nígbà tí òun wà lọ́mọdé, débi pé àwọn máa ń sùn ní ìjókòó nígbà òjò. Láti ìgbà tí òun ti fẹ́ Osing, òun kò tún fi ìjókòó sùn mọ́, nítorí kò sí oṣù kan tí owó kò wọlé.

“O jẹ́ ọmọ dáadáa, Nonoy,” ó wí, bí àgbà ṣe ń pe ọmọkùnrin níbí. “Mo rí i. Ṣùgbọ́n bí àwọn ará Japan bá sọ lọ́la pé aṣọ yín ti sú wọn, kí ni ọmọ mi máa jẹ?”

Dionel gbé ìbéèrè yẹn lọ sílé. Nínú jíípú tó ń gbé e padà sí Miag-ao, ó wo òkun tó ń bá wọn rìn lọ lápá òsì, ó sì ń rí ọkọ̀ ẹlẹ́rù lókèèrè, bí wọ́n ṣe dúró láìmira nínú ìkùukùu. Nígbà tó fi máa délé, ó ti rò ó tán. Òun náà yóò di ẹni tí owó rẹ̀ ń ti òkèèrè wọlé. Òun yóò lọ sójú omi.

Kò sọ fún Lerma. Ó mọ̀ pé bí òun bá rí ojú rẹ̀, òun kò ní lè lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ kúkúrú fèsì lórí fóònù: iṣẹ́ pọ̀, òjò ń rọ̀, ìyá mi ní kí n kí ẹ. Nígbà tó ṣe, kò fèsì mọ́. Lerma lọ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò lóun nìkan, ó rìn láti afárá dé afárá, ó sì rí i pé ọ̀nà náà gùn ju bí òun ṣe rò lọ.

Àsìkò yẹn gan-an ni báńkì wọn da ara pọ̀ mọ́ òmíràn. Orúkọ ara ògiri yí padà, kóòdù pẹ̀lú yí padà. Lerma ló fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ lórí fóònù sí gbogbo oníbàárà tó ń gba owó òkèèrè, pé kóòdù àtijọ́ ti kú, kí wọ́n sọ tuntun fún àwọn tó ń fowó ránṣẹ́ sí wọn. Dionel rí orúkọ rẹ̀ lójú fóònù. Ó rò pé Lerma ń béèrè ìdí tí òun kò fi fèsì mọ́ ni. Ó wo orúkọ náà títí iná fóònù fi kú, kò sì ṣí i.

Ìyáàfin Morimoto ti Kanazawa wá ra aṣọ púpọ̀, èyí tó pọ̀ jù láti ìgbà tí wọ́n ti mọra. Ó kọ̀wé béèrè bóyá kóòdù ṣì jẹ́ èyí tí òun mọ̀. Dionel kò nílò bébà kankan. Ó ti mọ àwọn lẹ́tà náà lórí bí àdúrà, láti ọjọ́ òjò yẹn. Ó kọ wọ́n ránṣẹ́ sí i bí ìka Lerma ṣe tò wọ́n fún un, ó sì wọ ọkọ̀ lọ sí Manila lọ wá iṣẹ́ ọkọ̀ òkun.

Owó náà kò dé. Kérésìmesì ń bọ̀, àwọn obìnrin ahunṣọ ń wo ọ̀nà. Ìyáàfin Morimoto ní òun ti san án, ó ti kúrò lọ́wọ́ òun. Nígbà tí ara Nanay Conching kò gbà á mọ́, ó wọ aṣọ ìjọsìn rẹ̀, ó sì wá sí báńkì fúnra rẹ̀.

Ó jókòó síwájú Lerma, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé orí àpò rẹ̀. Ó sọ ọ̀rọ̀ owó. Lẹ́yìn náà ló sọ èyí tó wúwo jù: pé Dionel ti gba iṣẹ́ ilé ìdáná nínú ọkọ̀ ńlá kan, pé ó ti Manila padà wálé, pé lẹ́yìn ọdún tuntun ni yóò lọ, pé òru ni ó máa ń wo òfì bí ẹni tó ń dágbére fún èèyàn.

“Ọmọ mi ò sọ ìdí fún mi,” ó wí. “Mo rò pé ìwọ lo mọ̀ ọ́n, Inday.”

Lerma kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń gbọ́, ó ń rántí ẹ̀yìnkùlé ilé wọn, àti bí Dionel ṣe padà wọlé lọ́jọ́ Àìkú yẹn tó ń wo ilẹ̀. Ó di ọwọ́ ìyá náà mú, ó ní kó jẹ́ kí àwọn kọ́kọ́ wá owó rí.

Ó kọ̀wé sí Kanazawa, ó ní kí Ìyáàfin Morimoto gba ẹ̀dà ọ̀rọ̀ tí báńkì rẹ̀ fi ránṣẹ́. Nígbà tí ẹ̀dà náà dé, ojú rẹ̀ bọ́ sórí kóòdù, ó sì mọ̀ ọ́n kíá. Kóòdù àtijọ́ ni, láìsí àṣìṣe kan, pẹ̀lú lẹ́tà O tí kì í ṣe òdo. Ó mọ ẹni tó lè kọ ọ́ pé pérépéré báyẹn láìwo ìwé. Ó gbé ọwọ́ lé ẹnu.

Owó kì í sọnù sójú ọ̀nà. Ó wà ní Singapore, nínú báńkì tó wà láàrin ọ̀nà, ó jókòó jẹ́ẹ́. Wọ́n ti ní kó lọ sọ́dọ̀ ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí mọ́, kò sì sẹ́ni tó wá pè é. Singapore ní àwọn kò lè gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu Iloilo. Báńkì tó rán an níṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ tún ọ̀nà júwe. Nítorí náà Lerma tún kọ̀wé sí Ìyáàfin Morimoto, ó to kóòdù tuntun fún un lẹ́tà lẹ́tà, ó sì ṣàlàyé ìdí. Obìnrin náà ti dàgbà. Ó fèsì pé yìnyín wà nílẹ̀, pé òun yóò wọ bàtà gíga lọ, nítorí àwọn tó hun irú aṣọ yẹn kò yẹ lẹ́ni tí à ń dá dúró.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni Lerma sọ ohun gbogbo nílé. Kò pariwo. Ó kàn sọ fún ìyá rẹ̀ pé Dionel ń lọ sójú omi, ó sì bi í bóyá inú rẹ̀ ti dùn báyìí. Nanay Delia ń ṣa ìrẹsì lórí tábìlì. Ó ní kì í ṣe òun ló ní kó lọ. Ó ní gbogbo ohun tí òun fẹ́ ni kí ọmọ òun ní ohun tí òun ní.

Láti kọ̀rọ̀, Tatay Osing gbé rédíò sílẹ̀.

“Delia,” ó wí, “owó mi mọ ilé yìí jù mí lọ.”

Obìnrin náà yíjú sí i. Kò jọ pé ó ti gbọ́ ohùn yẹn fún ìgbà pípẹ́.

“Oṣooṣù ló ń dé. Kò ṣìnà rí. Èmi ni mi ò dé. Wọ́n bí Lerma, owó mi wà níbẹ̀. Wọ́n sin ìyá mi, owó mi ló sin ín. Nígbà tí mo wá fẹ̀yìn tì, mo délé, mi ò mọ ibi tí ẹ ń kó ṣíbí sí. Ojú ń tì mí láti béèrè. Ó ṣì ń tì mí.”

Ìrẹsì ń bọ́ láti ìka Nanay Delia, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó dìde, ó fa àpótí kan ṣí ní ilé ìdáná, ó sì dúró níbẹ̀ títí ọkọ rẹ̀ fi wá wò ó. Ṣíbí ló wà níbẹ̀. Lerma rí wọn bí wọ́n ṣe dúró níwájú àpótí ṣíbí náà, èjìká kan èjìká. Ó rọra jáde.

Lọ́jọ́ tí owó dé, ó gba àyè níbi iṣẹ́, ó sì wọ jíípú lọ sí Miag-ao. Ó sọ fún Nanay Conching lẹ́nu ọ̀nà, ìròyìn náà sì tàn láti òfì dé òfì, títí gbogbo òfì fi dákẹ́. Dionel wà lẹ́yìn ilé, ó ń ká òwú tí oòrùn ti gbẹ. Ó rí i, ó dìde dúró, òwú aláwọ̀ wúrà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lerma sọ fún un pé owó ti dé. Ó sọ ibi tó wà àti ìdí tó fi dúró níbẹ̀. Ó ní òun fi kóòdù tuntun ránṣẹ́ sí i, kí ló dé tí kò kà á. Dionel sọ òtítọ́. Ó ní òun rí orúkọ rẹ̀, òun sì rò pé bí òun bá ṣí i, òun kò ní lè lọ mọ́.

“Kí lo fẹ́ lọ ṣe lójú omi, ìwọ tí o kì í jẹ́ kí òjò kan aṣọ?”

“Mo fẹ́ dà bí àwọn tó ń fi owó ránṣẹ́ sí tábìlì rẹ. Kí ìyá rẹ lè fọkàn balẹ̀.”

“Dionel, ojoojúmọ́ ni mò ń rí owó tó ti òkèèrè wá. Mo mọ orúkọ gbogbo wọn. Mo mọ ìyàwó wọn tó máa ń wá gbà á, tó máa ń sọ̀rọ̀ tútù, tó sì máa ń pẹ́ kó tó dìde torí kò sẹ́ni tó ń dúró dè é nílé. Èyí tí mi ò tíì ní ni ẹni tó máa jókòó bá mi jẹun.”

Afẹ́fẹ́ fẹ́, òwú náà gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní iṣẹ́ aṣọ kò dúró sójú kan, pé ọdún kan lè dára kí èkejì burú. Lerma ní òun mọ̀. Òun náà ń ṣiṣẹ́, ìṣirò kò sì fọ́ òun lórí.

“Bí ilé wa bá wá ń jò ńkọ́?” Dionel béèrè.

“A jọ máa sùn ní ìjókòó nìyẹn.”

Dionel gbé òwú náà kọ́ sórí igi, ó farabalẹ̀ ṣe é, kó má bàa lọ́. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, ó na méjèèjì sí i. Lẹ́yìn ògiri oparun, òfì kan tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún, lẹ́yìn náà òmíràn. Lerma gbé ojú lé èjìká rẹ̀, ó sì ń gbọ́ ìró náà. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ bí ẹni tó ń bọ́ sínú oorun ọ̀sán tó dùn.

“Má lọ,” ó wí.

“Mi ò lọ mọ́.”

Nígbà tí ọdún tuntun wọlé, ìdílé Nufable wá sí Molo láti tọrọ ọmọ. Nanay Conching mú adìyẹ wá, ó mú ìrẹsì tó máa ń lẹ̀ mọ́ra, tí wọ́n fi ewé ọ̀pẹ wé, wá, pẹ̀lú ìkòkò ṣokoléètì gbígbóná tí kò jẹ́ kí ẹlòmíràn gbé. Àwọn ẹbí kún yàrá. Wọ́n sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, wọ́n sọ̀rọ̀ iye tí ẹja dé, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ fẹnu kan ohun tí wọ́n bá wá. Dionel jókòó sí etí ilẹ̀kùn, ó gún ẹ̀yìn rẹ̀ ṣánṣán, ó ń dúró de ìbéèrè tí Nanay Delia bi í lẹ́yìnkùlé lọ́jọ́sí, ohun tí ọmọ rẹ̀ máa jẹ. Ó ti múra èsì rẹ̀ sílẹ̀ láti Miag-ao. Ó ti sọ ọ́ fún ara rẹ̀ nínú jíípú, ó tún ti sọ ọ́ fún Lerma, tó ní kó má sọ ọ́ mọ́ kó má bàa ṣá lẹ́nu rẹ̀.

Nanay Delia jáde láti ilé ìdáná pẹ̀lú abọ́ ọbẹ̀. Gbogbo èèyàn yíjú sí i. Ó gbé abọ́ náà fún Dionel, ó sì dúró lórí rẹ̀, ó ń wò ó. Lerma, tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, di ògiri mú.

“Àga àlejò lo jókòó sí yẹn, Nonoy,” Nanay Delia wí. “Dìde níbẹ̀. Lọ jókòó ti bàbá ẹ.”

Dionel dìde. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé abọ́ ọbẹ̀ náà, ó rọra ń rìn kó má bàa dànù, ó gba àárín àwọn ẹbí kọjá dé kọ̀rọ̀, níbi tí Tatay Osing ti kó rédíò kúrò lórí àga kejì, tó sì ti fi ọwọ́ nù ún.